Ẹ́ńjìnnì tí ò ní kámù: ohun tí ojú àwọn ọ̀dọ́ mẹ́rin kan rí lọ́wọ́ fáàfù

Àwọn ọ̀dọ́ mẹ́rin kan ló wá bá mi ní ṣọ́ọ̀bù n'Íbàdàn, ọkùnrin mẹ́ta, obìnrin kan, wọ́n jọ jáde ilé ìwé ni. Wọ́n gbé top cylinder (orí ẹ́ńjìnnì) Corolla kan sínú kẹ̀kẹ́ Márúwá, wọ́n ní, "Ẹ̀gbọ́n, a fẹ́ yọ kámúṣáàfù kúrò nínú ẹ́ńjìnnì yìí, kí kọ̀ǹpútà máa ṣí fáàfù, kó sì máa pa á dé." Fáàfù ni ilẹ̀kùn kékeré inú ẹ́ńjìnnì: afẹ́fẹ́ ń gba ti ínlẹ́ẹ̀tì wọlé, èéfín ń gba ti ẹ́gúsọ́ọ̀sì jáde, kámúṣáàfù, tí a ń pè ní kámù, ló sì ń ṣí wọn. Iṣẹ́ brain box, ìyẹn kọ̀ǹpútà ọkọ̀, àti wáyà ọkọ̀ ni mò ń ṣe, wọ́n ti gbọ́ orúkọ mi níbì kan, ìyẹn ni wọ́n fi wá. Mi ò ní dárúkọ wọn níbí, iṣẹ́ wọn ṣì ń lọ lọ́wọ́, àmọ́ wọ́n gbà kí n kọ gbogbo ẹ̀ sílẹ̀, èyí tó dáa àti èyí tó bàjẹ́, torí owó tí wọ́n ti ná àti fáàfù tí wọ́n ti bà jẹ́, kò yẹ kí ẹlòmíì tún lọ ná irú ẹ̀ lórí àṣìṣe kan náà.

Ẹ jẹ́ n kọ́kọ́ sọ ohun tí wọ́n ní lọ́wọ́. Ẹ́ńjìnnì tòkunbọ̀ 1.8 lítà, 1ZZ tó wà nínú ọ̀pọ̀ Corolla tí ẹ ń rí ní títì, ní ọjà Àrárọ̀mí, Gate, ni wọ́n ti rà á. Ìsàlẹ̀ ẹ̀ ti nọ́ọ̀kì, top cylinder ẹ̀ ṣì dáa, ó ní fáàfù 16 àti kámúṣáàfù méjì tí ṣéènì kan ń yí. Wọ́n tún ní bátìrì ọkọ̀, bọ́ọ̀dù kékeré tí wọ́n fi ń kọ́ kọ̀ǹpútà, àti dírọ́ọ̀ìnì kan tó rẹwà gan-an. Nínú dírọ́ọ̀ìnì yẹn, solenoid 16 (kọ́ìlì wáyà tó ń fa irin tí iná bá dé ọ̀dọ̀ ẹ̀) ló jókòó lórí fáàfù 16, tí brain box bá ti fún ọ̀kan níná, á ti fáàfù wọlẹ̀, tó bá gé iná, sípíríǹgì á dá a padà. Ó tán.

Ẹni tó bá bi mí pé kí ló dé tí èèyàn fi máa fẹ́ yọ kámù tí kò ṣe nǹkan kan, ìbéèrè dáadáa ni. Kámù jẹ́ irin gígùn kan tí wọ́n gbẹ́ ẹ̀gbẹ́ ẹ̀ bí ẹyin, ibi tí ẹyin yẹn ti ṣẹnu ló ń ti fáàfù, kránkì, irin ìsàlẹ̀ tí písítìnì ń yí, á yí lẹ́ẹ̀mejì kí òun tó yí lẹ́ẹ̀kan. Bí wọ́n bá ṣe gbẹ́ ẹ ní kọ́ńpìnnì, bẹ́ẹ̀ lá máa ṣe títí ayé. Bí ọkọ̀ ṣe fẹ́ mí nígbà tó wà nínú gó-sílóò ní Mọ́kọ́lá yàtọ̀ pátápátá sí bó ṣe fẹ́ mí nígbà tó ń sáré lórí ẹ̀sípírẹ́ẹ̀sì, àmọ́ irin kan náà ló ń sin àwọn méjèèjì, kò lè tẹ́ ìkankan nínú wọn lọ́rùn tán. VVT-i, ẹ̀rọ Toyota tó ń yí àsìkò fáàfù padà, tó wà lára 1ZZ yẹn, gbogbo ohun tó lè ṣe ò ju kó ti kámù ínlẹ́ẹ̀tì síwájú tàbí kó fà á sẹ́yìn, kò lè ní kí fáàfù ṣí díẹ̀ sí i, kò sì lè ní kó wà ní ṣíṣí pẹ́ sí i. Tẹ́ ẹ bá tún wò ó, nígbà tí ẹ ò tẹ táàtù (throttle, ilẹ̀kùn tó ń wọn afẹ́fẹ́ tó ń wọ ẹ́ńjìnnì) jù, ẹ́ńjìnnì ń fa afẹ́fẹ́ gba ojú ihò tín-ínrín, bí ẹni tó ń fi sítírọ́ọ̀ tóóró mu ẹ̀kọ gbígbóná, agbára tó fi ń fà á, epo yín ni. Tó bá jẹ́ pé fáàfù fúnra ẹ̀ ló ń wọn afẹ́fẹ́, ihò tóóró yẹn ò ní sí mọ́.

Ẹ má sì rò pé àlá lásán ni. Láti 2001 ni ẹ́ńjìnnì ńláńlá Sulzer RT-flex ti ń gbé ọkọ̀ ojú omi láìsí kámúṣáàfù, òróró tí wọ́n fún ní pírẹ́ṣọ̀ ló ń ṣí fáàfù ẹ́gúsọ́ọ̀sì wọn. Fiat gbé MultiAir jáde ní 2009, wọ́n fi òróró àti solenoid sáàárín kámù àti fáàfù ínlẹ́ẹ̀tì, wọ́n fi kámù sílẹ̀ fún ẹ́gúsọ́ọ̀sì bó ṣe wà (ẹ fi èyí sọ́kàn, a máa padà síbẹ̀). Ní 2016, Qoros ti ilẹ̀ Ṣáínà fi ẹ́ńjìnnì tí ò ní kámù rárá hàn, iṣẹ́ Freevalve ti Sweden ló wà nínú ẹ̀, àwọn yẹn so mọ́ Koenigsegg, ilé iṣẹ́ ọkọ̀ eré, òun náà sì fi ẹ́ńjìnnì sìlíńdà mẹ́ta, 2 lítà, hàn nínú ọkọ̀ ẹ̀ tó ń jẹ́ Gemera ní 2020, ó ní agbára ẹṣin 600. Afẹ́fẹ́, òróró àti iná, mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni Freevalve lò pọ̀. Wọn ò lo solenoid nìkan.

Mo bi àwọn ọmọ yìí pé, "Iṣẹ́ mélòó ni kámù ń ṣe?" Ọ̀kan ní iṣẹ́ kan, pé ó ń ṣí fáàfù. Obìnrin inú wọn ní méjì, pé ó ń ṣí i, ó sì ń mọ àsìkò tó yẹ kó ṣí i. Mo mọ̀ pé ó kù, mo sọ fún wọn pé ó kù, àmọ́ mi ò dúró lórí ẹ̀ kí wọ́n kọ gbogbo ẹ̀ sílẹ̀ ká tó gé irin kankan. Ó yẹ kí n dúró.

Orí tábìlì ni iṣẹ́ ti bẹ̀rẹ̀. Wọ́n tú solenoid lára kíìkì sítátà àtijọ́, wọ́n de é mọ́ orí fáàfù kan, wọ́n fún un ní bátìrì, fáàfù ò mira. Wọ́n ní bóyá bátìrì ti kú. Bátìrì ò kú o. Ẹ mú sípánà kan, ẹ gbé e súnmọ́ ojú solenoid tí iná wà lára ẹ̀, ní mìlímítà 8 ọwọ́ yín ò ní fi bẹ́ẹ̀ mọ nǹkan kan, ẹ wá rọra máa sún un lọ, tó bá máa fi kù bíi mìlímítà 1, á já sípánà gbà mọ́ yín lọ́wọ́, á lẹ̀ mọ́ ọn gbàgì. Tí àlàfo bá dín sí ìdajì, agbára máa ń di ìlọ́po mẹ́rin, nítorí náà láàárín mìlímítà 8 àti mìlímítà 1, lórí ìwé, ìlọ́po 64 ni ìyàtọ̀ wọn. Ìyẹn ni pé ìbẹ̀rẹ̀, tí àlàfo ṣì fẹ̀, tí a nílò agbára jù lọ, ibẹ̀ gan-an ni solenoid ti máa ń rọ. Ìparí tí a ò nílò agbára mọ́, ibẹ̀ ló ti máa ń ya wèrè.

Wọ́n wá ṣe ohun méjì. Wọ́n pààrọ̀ sípíríǹgì sí èyí tó rọ̀, torí sípíríǹgì ilé iṣẹ́ le kí fáàfù má bàa pàdánù ojú kámù nígbà tí ẹ́ńjìnnì bá ń yí ní ìgbà 6000 ní ìṣẹ́jú kan, a ò sì ní kámù tí fáàfù máa tẹ̀lé mọ́. Wọ́n tún so bátìrì mẹ́rin pọ̀ di vólítì 48, èyí á gbá solenoid lẹ́ẹ̀kan gbàà, tí fáàfù bá ti ṣí tán, iná á já wálẹ̀ sí èyí tó kàn máa dì í mú. Tẹ́ ẹ bá fi vólítì 48 sílẹ̀ lára ẹ̀, láìpẹ́ ẹ máa gbọ́ òórùn fáníìṣì kọ́ìlì tó ń jóná, wọ́n gbọ́ ọ ju ẹ̀ẹ̀kan lọ. Nígbà tí fáàfù wá ń ṣí tó ń padé lórí tábìlì, kọ̀-kọ̀-kọ̀-kọ̀, inú wọn dùn débi pé wọ́n ń fi fóònù ya á. Èmi náà dùn. Àmọ́ kọ̀-kọ̀-kọ̀ yẹn, ẹ má gbàgbé ẹ̀.

Ẹ́ńjìnnì Corolla ò ṣeé fi ṣe ìdánwò àkọ́kọ́, fáàfù 16 ti pọ̀ jù, owó ẹ̀ náà ti pọ̀ jù. Mo ní kí wọ́n lọ wá ẹ́ńjìnnì jẹnẹrétọ̀ onísìlíńdà kan, èyí tí wọ́n ṣe bíi GX160, 163 cc, písítìnì ẹ̀ jẹ́ mìlímítà 68, ó ń rìn ní mìlímítà 45. (Kì í ṣe jẹ́n kékeré tí gbogbo wa mọ̀ sí "I better pass my neighbour" o, ìyẹn ò ní fáàfù rárá, two-stroke ni.) Kámù wà nínú ikùn ẹ̀, irin tẹ́ẹ́rẹ́ méjì ló ń gbé iṣẹ́ kámù lọ sókè, tẹ́ ẹ bá yọ àwọn irin yẹn, ẹ ti yọ kámù lẹ́nu iṣẹ́ láìtú ikùn ẹ́ńjìnnì. Bàbá kan tó ní lathe ládùúgbò wa ló bá wọn gé irin tí solenoid jókòó lé. Kí wọ́n tó yí i rárá, mo ní kí wọ́n lẹ amọ̀ rírọ̀ mọ́ orí písítìnì, kí wọ́n fi ọwọ́ ti fáàfù wọlẹ̀ pátápátá, kí wọ́n fi ọwọ́ yí kránkì pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, kí wọ́n wá tú u, kí wọ́n wọn bí amọ̀ ṣe ṣẹ́kù tó lábẹ́ ojú fáàfù. Ibi tí wọ́n ti mọ̀ nìyẹn pé mìlímítà 5 ni kí fáàfù máa ṣí mọ, tó bá jù bẹ́ẹ̀ lọ tí àsìkò sì ṣi díẹ̀, òun àti písítìnì á pàdé.

Wọ́n ń bá ara wọn jiyàn lórí ohun kan nígbà yẹn tó wù mí gan-an. Irin róbótó eléyín 36 tí wọ́n yọ eyín kan lára ẹ̀ ni wọ́n fi sára kránkì, sẹ́ńsọ̀ ń ka eyín, eyín kan jẹ́ dìgíríì 10, brain box fi ń mọ ibi tí písítìnì wà. Àmọ́ písítìnì máa ń dé òkè lẹ́ẹ̀mejì nínú iṣẹ́ kan, lẹ́ẹ̀kan fún iná, lẹ́ẹ̀kan fún èéfín, kránkì ò sì mọ ìyàtọ̀. Nínú ọkọ̀ tiwa, sẹ́ńsọ̀ kámù ló ń sọ ọ́. Àwọn ọkùnrin yẹn ti fẹ́ ra gíà kan tó máa yí ní ìdajì kránkì. Obìnrin yẹn dákẹ́ dákẹ́, ó wá ní, "Ta ló ń pinnu pé èyí ni ti iná, èyí ni ti èéfín? Ṣebí fáàfù ni. Tó bá jẹ́ àwa la ni fáàfù méjèèjì, ẹ jẹ́ ká mú èyí tó bá wù wá." Òótọ́ pọ́ńbélé ni. Písítìnì ò mọ nǹkan kan, òkè àti ìsàlẹ̀ ló mọ̀. Tí ínlẹ́ẹ̀tì àti ẹ́gúsọ́ọ̀sì bá ti wà lọ́wọ́ brain box, kó yan èyí tó bá fẹ́, kí púlọ́ọ̀gì ṣáà tẹ̀lé e. Wọn ò ra gíà.

Alẹ́ ọjọ́ kan ni ẹ́ńjìnnì kọ́kọ́ dáhùn. Wọ́n fà á lẹ́ẹ̀mẹrin, ó dáhùn, ó ń yí jẹ́jẹ́ láìsí nǹkan kan tó gbé, gbogbo wa pariwo. Wọ́n wá so áyọ́ọ̀nù mọ́ ọn kó lè gbé ẹrù díẹ̀. Kíá, ó bú gbàù láti ẹnu kábúrétọ̀, iná lá ojú fílítà, ó kú. Wọ́n tún un fà, láìgbé nǹkan kan ó ń ṣiṣẹ́, ẹ so áyọ́ọ̀nù, gbàù.

Ọ̀sẹ̀ méjì ni wọ́n fi wá a. Wọ́n pààrọ̀ púlọ́ọ̀gì, wọ́n fọ kábúrétọ̀, wọ́n ti àsìkò iná síwájú sẹ́yìn. Ohun tó là wọ́n lójú ni ẹ̀rọ tó ń ya àwòrán iná, osíllóskóòpù kékeré kan tí mo ní. Tí solenoid bá gba iná, ìlà iná á máa gòkè, àmọ́ nígbà tí irin inú ẹ̀ bá ń rìn lóòótọ́, ìlà yẹn á já wálẹ̀ díẹ̀, bíi kòtò kékeré kan, kó tó tún máa gòkè lọ. Kòtò yẹn ni ẹ̀rí pé fáàfù rìn. Láìsí ẹrù, kòtò wà lára ínlẹ́ẹ̀tì, ó wà lára ẹ́gúsọ́ọ̀sì. Bí wọ́n ṣe so áyọ́ọ̀nù báyìí, kòtò ti ẹ́gúsọ́ọ̀sì pòórá. Iná dé bẹ̀, fáàfù ò ṣí.

Ẹ wá wo ìdí ẹ̀. Ìgbà tí ẹ́gúsọ́ọ̀sì máa ṣí, iná ṣẹ̀ṣẹ̀ jó tán nínú sìlíńdà ni, pírẹ́ṣọ̀ ṣì wà níbẹ̀, fáàfù sì gbọ́dọ̀ wọlé láti dojú kọ ọ́. Ká ní ojú fáàfù jẹ́ mìlímítà 24, ìyẹn tó bíi cm² 4.5 ní fífẹ̀, tí pírẹ́ṣọ̀ bá jẹ́ bar 4, nǹkan bíi kílò 18 ló jókòó lé e lórí, yàtọ̀ sí agbára sípíríǹgì. Tí jẹ́n ò bá gbé nǹkan kan, pírẹ́ṣọ̀ yẹn kéré, solenoid á borí ẹ̀. Tó bá gbé ẹrù, solenoid ò lágbára tó. Èéfín gbígbóná á wá há sínú sìlíńdà, ínlẹ́ẹ̀tì á ṣí ní tiẹ̀ nígbà tó yẹ kó ṣí, èéfín á gba ibẹ̀ jáde sí kábúrétọ̀, gbàù. Iṣẹ́ kẹta tí kámù ń ṣe nìyẹn, àwọn ọmọ wọ̀nyí ò kà á mọ́ ọn: ó ní agbára kránkì lẹ́yìn, pírẹ́ṣọ̀ kankan ò lè dá a dúró.

Ọjọ́ yẹn ni mo ní kí wọ́n dá irin ẹ́gúsọ́ọ̀sì padà, kí kámù máa ṣí ẹ́gúsọ́ọ̀sì, kí ínlẹ́ẹ̀tì nìkan wà lọ́wọ́ brain box. Ó dùn wọ́n o. Ọ̀kan nínú wọn ò bá mi sọ̀rọ̀ fún ọjọ́ mélòó kan, ó ní a ti di aláàbọ̀ iṣẹ́. Mo ní kó lọ wo ohun tí Fiat ṣe, àwọn tó ní owó tó ní ilé iṣẹ́, ínlẹ́ẹ̀tì nìkan ni wọ́n mú. Ínlẹ́ẹ̀tì ṣí sínú sìlíńdà nígbà tí kò sí pírẹ́ṣọ̀, ibẹ̀ náà sì ni èrè epo pọ̀ sí jù. (Ọ̀rọ̀ obìnrin yẹn wá di ohun tí a ní láti tún ṣe, torí kámù ti padà wọ inú ọ̀rọ̀ náà, brain box gbọ́dọ̀ mọ ìyípo tí kámù wà. Máginẹ́ẹ̀tì kékeré kan lára irin rọ́kà ẹ́gúsọ́ọ̀sì ló yanjú ìyẹn, sẹ́ńsọ̀ ń rí i tó bá ti mira.)

Ìyọnu kejì yọjú lójú ẹsẹ̀. Ẹ́ńjìnnì yí jẹ́jẹ́ dáadáa, àmọ́ tí ẹ bá ti ń sún un lọ sí 3000, á máa kú lọ. Ní 1000, mìlísẹ́kọ́ǹdù kan, ìyẹn sẹ́kọ́ǹdù kan tí ẹ pín sí 1000, kránkì á ti rin dìgíríì 6. Ní 3000 á ti rin 18. Wọ́n ti mọ̀ pé ó yẹ kí wọ́n máa fún fáàfù níná ṣáájú àsìkò, wọ́n kọ ọ́ sínú brain box, àmọ́ ṣíṣí nìkan ni wọ́n kọ ọ́ fún. Wọ́n rò pé tí a bá ti gé iná, fáàfù á padé ní kíá. Rárá. Wọ́n fi dáyọ́ọ̀dù kan sẹ́gbẹ̀ẹ́ kọ́ìlì, bí gbogbo èèyàn ṣe máa ń ṣe, kí iná tó ń ta padà má bàa jó tíránsísítọ̀. Dáyọ́ọ̀dù yẹn ló ń jẹ́ kí iná máa yí po nínú kọ́ìlì lẹ́yìn tí a ti gé e, fáàfù á ṣì wà ní ṣíṣí sílẹ̀ fún mìlísẹ́kọ́ǹdù 10. Ní 3000, dìgíríì 180 nìyẹn! Gbogbo ìgbà tí písítìnì fi ń gòkè láti fún afẹ́fẹ́ pọ̀, ilẹ̀kùn ṣí sílẹ̀, ó ń tú u padà síta. Mo ní kí wọ́n fi zener, irú dáyọ́ọ̀dù míì, tó lágbára sí i kí iná tètè kú sínú ẹ̀. Ó já sí mìlísẹ́kọ́ǹdù 4. Ẹ́ńjìnnì gòkè dé 3000, ó gbé áyọ́ọ̀nù, ó gbé e pẹ́.

Gbogbo wa rò pé a ti débẹ̀, àmọ́ ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju eéje lọ. Bàbá tó ní lathe wá kí wọn lọ́jọ́ kan, ó gbọ́ ariwo ẹ́ńjìnnì, ó mú sukudiráfà gígùn, ó ki ẹnu ẹ̀ mọ́ top cylinder, ó ki ìdí ẹ̀ mọ́ etí. Ó pẹ́ níbẹ̀. Ó ní, "Ẹ̀yin ọmọ yìí, fáàfù yín ò padé, ó ń ṣubú ni." Wọ́n ní, "Bàbá, ẹ ṣeun, a máa wò ó." Wọn ò wò ó. Ọjọ́ kẹta ẹ̀, ẹ́ńjìnnì ń lọ lórí 3000, ó dún kà! lẹ́ẹ̀kan péré, ó dúró gbàgìdì. Lọ́ọ̀kì fáàfù, àwọn irin kékeré méjì tó ń di ọrùn fáàfù mú, ló fò jáde, fáàfù ínlẹ́ẹ̀tì já sínú sìlíńdà, písítìnì pàdé ẹ̀, ó tẹ̀ ẹ́ bíi ṣíbí. Nígbà tí wọ́n tú u, mo fi ìka ra ojú sítì fáàfù, ibi tó máa ń jókòó lé tó bá padé. Ilà tẹ́ẹ́rẹ́ tó yẹ kó wà níbẹ̀ ti fẹ̀, ó ti rí jágajàga, kò rí bíi tàwọn fáàfù tó ti lo ọdún mẹ́wàá rárá, èyí ò sì tíì lò ju ọjọ́ mélòó kan lọ.

A jókòó, a ṣírò ẹ̀. Fáàfù rin mìlímítà 5, ó fi mìlísẹ́kọ́ǹdù 3 rìn ín, sípíríǹgì ń tì í bọ̀ láìsí ẹni tó dá a dúró, nígbà tó máa fi balẹ̀ á ti máa sáré bíi mítà 3.3 ní sẹ́kọ́ǹdù kan. Ẹ bá mi fi nǹkan wé e: eré tí nǹkan máa ń sá nìyẹn tí ẹ bá jù ú sílẹ̀ láti òkè tó ju ìdajì mítà lọ díẹ̀. Lórí sìmẹ́ńtì. Lẹ́ẹ̀mẹ́ẹ̀dọ́gbọ̀n ní sẹ́kọ́ǹdù kan, ìgbà 90,000 ní wákàtí kan. Ohun tí àwọn tó mọ iṣẹ́ yìí ń wá kò ju bíi mítà 0.1 lọ, ìyẹn dà bí ẹni pé ẹ jù ú sílẹ̀ láti òkè ìdajì mìlímítà. Ẹ wo bí àlàfo ṣe pọ̀ tó láàárín méjèèjì. Zener tí mo ní kí wọ́n fi sí i sì tún dá kún un, ó mú kí fáàfù tètè padé, kò sí nǹkan tó ń mú un padé jẹ́jẹ́. Kámù máa ń ṣe iṣẹ́ kẹrin yìí láìpariwo: ìdí ẹyin yẹn, ibi tó ti ń tẹ́ lọ, wọ́n gbẹ́ ẹ kó gùn, kó máa gbé fáàfù sọ̀ kalẹ̀ bí ìyá ṣe ń gbé ọmọ tó sùn sórí bẹ́ẹ̀dì. Kọ̀-kọ̀-kọ̀ tí a ń gbọ́ lórí tábìlì láti ọjọ́ àkọ́kọ́, ohun tó ń sọ fún wa nìyẹn.

Àtúnṣe tí wọ́n ṣe, ẹnu ọ̀nà báǹkì ni wọ́n ti rí i. Ẹ wo irin tó wà lókè ilẹ̀kùn báǹkì, ilẹ̀kùn á yára padà, tó bá ku díẹ̀ á fà sẹ́yìn, á wá padé jẹ́jẹ́. Òróró ló wà nínú ẹ̀ tó ń gba ojú ihò kékeré kọjá. Bàbá lathe gé ife kékeré kan sórí fáàfù, písítìnì mìlímítà 12 wà nínú ẹ̀, òróró kún un. Nígbà tí fáàfù bá ń bọ̀, òróró á máa gba ihò ńlá jáde wọ́ọ́, tó bá ku mìlímítà 1.5, písítìnì á bo ihò ńlá yẹn, òróró á wá máa fipá gba ojú ihò abẹ́rẹ́. Ihò yẹn, ẹ̀ẹ̀mẹta ni wọ́n lu ú kó tó rí bó ṣe yẹ. Àkọ́kọ́ tóóró jù, fáàfù ò padé tán kí iná tó jó, èkejì fẹ̀ jù.

Ìgbà tó wá dáa, ó dáa lọ́sàn-án nìkan. Láàárọ̀ kùtù ẹ́ńjìnnì ò dáhùn, torí òróró ẹ́ńjìnnì tí wọ́n lò ki, fáàfù ń pẹ́ kó tó padé, tí top cylinder bá wá gbóná tán, òróró náà á ṣàn bí omi, ariwo á padà. Wọ́n pààrọ̀ ẹ̀ sí ATF tí wọ́n ń rọ sí gíà òtòmátíìkì, òun ò fi bẹ́ẹ̀ yí padà láàárín òtútù àti ooru, wọ́n sì fi sẹ́ńsọ̀ ooru sára ife yẹn kí brain box lè máa gé iná ṣáájú díẹ̀ tó bá tutù. Wọ́n tún lẹ máginẹ́ẹ̀tì tín-ín-tín mọ́ ọrùn fáàfù, sẹ́ńsọ̀ ń wò ó, tí fáàfù ò bá tíì padé, brain box ò ní jẹ́ kí púlọ́ọ̀gì tan iná. Èmi ò bá ti fi ìyẹn síbẹ̀ láti ọjọ́ kìíní.

Ibi tó dé báyìí nìyí: ínlẹ́ẹ̀tì wà lọ́wọ́ brain box, ẹ́gúsọ́ọ̀sì wà lọ́wọ́ kámù, jẹ́n yẹn ń gbé áyọ́ọ̀nù àti gílóòbù, wọ́n sì ti ń fi ìgbà tí fáàfù máa padé darí agbára ẹ̀ láìfọwọ́ kan táàtù. Bàbá wá fi sukudiráfà gbọ́ ọ, ó ní ó ti ń jókòó báyìí. Fáàfù ò tíì balẹ̀ jẹ́jẹ́ tó bí a ṣe fẹ́, àmọ́ ojú sítì ẹ̀ ṣì dán nígbà tí wọ́n tú u wò gbẹ̀yìn.

Fún ẹ̀yin tẹ́ ẹ bá fẹ́ dán an wò, ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ẹ̀yìn. Pípadé ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ yà sínú dírọ́ọ̀ìnì, ohun tó máa gba fáàfù mọ́ra ní mìlímítà tó kẹ́yìn, kẹ́ ẹ tó ra solenoid kankan. Ẹ gbé e sórí tábìlì pẹ̀lú top cylinder lásán, ẹ jẹ́ kó ṣiṣẹ́ fún wákàtí púpọ̀ láìsí epo láìsí iná, kẹ́ ẹ tú sítì ẹ̀ wò, tí ilà yẹn bá ń fẹ̀, ẹ má tíì gbé e dé orí ẹ́ńjìnnì. Ẹ má fi dáyọ́ọ̀dù lásán sẹ́gbẹ̀ẹ́ kọ́ìlì. Ẹ wá kòtò inú ìlà iná lójoojúmọ́, kò náni ju osíllóskóòpù kékeré lọ. Ẹ sì jẹ́ kí sípíríǹgì máa jẹ́ èyí tó ń pa fáàfù dé, kí iná máa jẹ́ èyí tó ń ṣí i, kó lè jẹ́ pé tí wáyà bá já lójijì, fáàfù á sá kúrò lọ́nà písítìnì.

Ẹ́gúsọ́ọ̀sì ni wọ́n fẹ́ mú báyìí, afẹ́fẹ́ ni wọ́n fẹ́ fi ṣe é. Písítìnì afẹ́fẹ́ mìlímítà 25 lórí bar 6 á fúnni ní bíi kílò 30, ìyẹn borí kílò 18 yẹn. Àmọ́ mo ti ní kí wọ́n ṣírò ohun tó ń jẹ. Tó bá ń rin mìlímítà 6, ní 3000, fáàfù kan ṣoṣo á jẹ bíi lítà 30 afẹ́fẹ́ ojú sánmọ̀ ní ìṣẹ́jú kan, ẹ́gúsọ́ọ̀sì 8 ti Corolla á jẹ bíi 240, ẹ́ńjìnnì kan náà ló sì máa yí kọ̀ńpírẹ́sọ̀ yẹn. Tí epo tí a rí lára ínlẹ́ẹ̀tì bá máa tán sórí kọ̀ńpírẹ́sọ̀, a ò tíì ṣe nǹkan kan. Obìnrin yẹn ní òun fẹ́ kọ́kọ́ wò ó bóyá a lè jẹ́ kí ẹ́gúsọ́ọ̀sì pẹ́ díẹ̀ kó tó ṣí, títí pírẹ́ṣọ̀ á fi wálẹ̀, ká wá lo písítìnì tó kéré sí i. Ó ti ń wá sẹ́ńsọ̀ pírẹ́ṣọ̀ tó lè wọ ojú ihò púlọ́ọ̀gì, torí òun ò fẹ́ ṣírò ẹ̀ lórí ìwé mọ́, ó fẹ́ rí iye tó jókòó lórí fáàfù yẹn gan-an kí Bàbá tó gé irin míì.